Kí Ló Dé Tí A Kì Í Fẹ́ Bá Gáídáǹsì Sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sórí pátákó lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ WAEC. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kan ni, ọ́fíìsì olùgbaninímọ̀ràn, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní gáídáǹsì. Nígbà tí ẹgbẹ́ oníròyìn wa ń múra àpilẹ̀kọ yìí sílẹ̀, a bi àwọn kan láàárín yín pé, "Tí nǹkan bá ń dùn ẹ́ lọ́kàn, ṣé o lè lọ bá gáídáǹsì?" Ẹ̀rín ni ìdáhùn tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín, wọ́n á wá ní, "Kí ó lè dé sítáàfù rúùmù kó tó di ago méjì?"

Àwọn àgbà lè rò pé àfojúdi ni ẹ̀rín yẹn. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rín yẹn ń sọ ni pé ìfọkàntán ò sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣòro ò tán láàárín wa. Àwọn kan wà tí wọn ò sùn lálẹ́ nítorí ìjà ilé. Àwọn kan wà tí ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ń lépa wọn ní àdúgbò. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa ní ìsinmi, tí wọ́n á lọ sunkún ní ilé ìyàgbẹ́. Yorùbá ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni kí a wá sọ ọ́ fún?

Mo ka ìwé díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo rí kó jọ rèé. Ọ̀dọ́langba kì í fọkàn tán àgbà nítorí pé ó jẹ́ àgbà, tàbí nítorí pé ó kàwé. Àgbà tó kọ́kọ́ sọ ohun tí òun máa fi pa mọ́ àti ohun tí òun ò lè fi pa mọ́, tó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ni ọ̀dọ́ ń fọkàn tán. Gbogbo nǹkan yòókù ń tẹ̀ lé ìyẹn ni.

Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe?

Ní 1959, àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, rí i pé àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ parí ilé ìwé nílò ẹni tó máa là wọ́n lọ́yẹ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n pe àwọn èèyàn tó mọ̀ nípa ẹ̀ láti ìta pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gáídáǹsì sí ní Nàìjíríà. Nígbà tó di 1977, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè jáde, iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn sì wà nínú ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa ṣì fi rò pé gáídáǹsì kò ní iṣẹ́ kankan ju pé kó sọ bóyá Science, Art tàbí Commercial ló yẹ ọmọ. Iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kan nínú ẹ̀ ni ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ. Èèyàn á jókòó pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà, ní àkókò tí wọ́n jọ dá, wọ́n á sì máa tú ọ̀rọ̀ náà wò díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀nà á fi là. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí ìwàásù níbẹ̀. Kò sì ní kí èèyàn má gbàdúrà o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Orúkọ tún wà lára ohun tó ń lé wa sá. Ní àdúgbò wa, tí o bá sọ pé o fẹ́ lọ rí ẹni tó ń tọ́jú ọkàn, wọ́n á ní orí ẹ ti yí. Wọ́n á ní Yábàá ló yẹ kí wọ́n gbé ẹ lọ, tàbí Àrò. Àwọn tó ń fi Àrò búni ò mọ̀ pé ìtàn ìfọkàntán ni ìtàn Àrò gan-an.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, ló gba àkóso ilé ìwòsàn Àrò ní 1954 lẹ́yìn tó kàwé dókítà dé láti ìlú Òyìnbó. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí Àrò ká ṣe àdéhùn pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, tàwọn ti mọ̀lẹ́bí kan tó máa wà pẹ̀lú wọn. Lọ́sàn-án, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lálẹ́, wọ́n á padà sí abúlé, sí àárín àwọn tó ń jẹun, tó ń ṣọ̀rẹ́, tó ń ṣeré. Lambo tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, ohun tí àwọn dókítà ìgbà yẹn ò fẹ́ gbọ́ sétí. Nígbà tó yá, ó di igbá kejì ọ̀gá àgbà ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé tí o bá fẹ́ kí èèyàn fọkàn tán ẹ, lọ pàdé ẹ̀ níbi tí ara ti tù ú, má sì já a gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn ẹ̀.

Kí ló mú tiwa yàtọ̀ sí ti àgbà?

Èkíní, àgbà tó lọ rí olùtọ́jú ọkàn, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn lọ. Àwa, gbígbé ni wọ́n máa ń gbé wa lọ. Bóyá pírínsípà ló ní, "Mú ọmọ yìí lọ bá gáídáǹsì," bóyá ìyá ẹni ló wọ́ni lọ. Nítorí náà, kí a tó jókòó, ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn wa: "Ta ni ẹ ń ṣiṣẹ́ fún? Ṣé èmi ni, àbí ẹni tó mú mi wá?" Tí olùgbaninímọ̀ràn ò bá dáhùn ìbéèrè yẹn, kò sí ọgbọ́n tó lè dá tí ẹnu wa á fi yà.

Èkejì, ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́ wa. A kì í wo àgbà lójú. A kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Tí àgbà bá ń báni wí, tí a bá fèsì, "Ṣé o fẹ́ máa bá mi jiyàn ni?" ló máa tẹ̀ lé e. Mi ò sọ pé ẹ̀kọ́ burúkú ni o, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ pé kó dákẹ́, ẹ wá mú un wọ yàrá kan, ẹ ní, "Ó yá, sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹ." Báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é? Tó bá dákẹ́, tó ń wo ilẹ̀, kì í ṣe agídí. Ìwà ọmọlúàbí tí ẹ kọ́ ọ náà ni.

Ẹ̀kẹta, ohun tí àwọn tó mú ọmọ wá fẹ́ lè má jẹ́ ohun tí ọmọ náà fẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọkùnrin kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ń pẹ́ dé ilé ìwé lójoojúmọ́. Ohun tí pírínsípà fẹ́ ni kó yéé pẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń bá ìyá ẹ̀ ru ẹja ní ọjà Olúwo láti ìdájí. Ohun tí òun fẹ́ ni kí oorun tó o, kí ìyá ẹ̀ má sì dá nìkan jìyà. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pípẹ́ nìkan ni gáídáǹsì ń sọ, inú ọmọ náà á máa sọ pé, "Ẹni yìí ò mọ nǹkan kan." Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Edward Bordin, kọ ọ́ ní 1979 pé ohun mẹ́ta ló ń so ẹni tó ń tọ́jú ọkàn àti ẹni tó wá gba ìtọ́jú pọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ẹ jọ máa ṣe láti débẹ̀. Ìfẹ́ àti ìfọkàntán sì gbọ́dọ̀ wà láàárín yín. Tí pírínsípà àti òbí bá nìkan yan ibi tí ẹ ń lọ, ìfọkàntán á ṣòro.

Àṣírí: ohun tó máa dúró àti ohun tí kò lè dúró

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní ilé ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ, ọmọbìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa lọ bá tíṣà tó ń ṣe iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn. Bàbá ẹ̀ ti kó kúrò nílé, kò sì lè sùn lálẹ́ mọ́. Ó sọ gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà mìíràn bi í léèrè níwájú gbogbo kíláàsì pé, "Ṣé bàbá ẹ ti padà wálé?" Bóyá àánú ló ṣe tíṣà náà, mi ò rò pé ó fẹ́ ṣe é níkà. Ṣùgbọ́n gbogbo orí ló yí padà wò ó. Ọmọ yẹn ò wọ ọ́fíìsì náà mọ́ títí ó fi kúrò ní ilé ìwé náà. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn la kẹ́kọ̀ọ́ pé a ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ láéláé. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ wo ohun tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ dáadáa máa ń ṣe. Kó tó bèèrè ohunkóhun, ní ìjókòó àkọ́kọ́, á sọ òfin àṣírí ní gbangba. Ó lè sọ ọ́ báyìí:

"Ohun tí o bá sọ níbí, àárín èmi àtìẹ ló máa wà. Mi ò ní sọ ọ́ ní sítáàfù rúùmù, mi ò sì ní sáré lọ sọ ọ́ nílé. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà tí mi ò lè fi pa mọ́. Èkíní ni tó bá jẹ́ pé o fẹ́ pa ara ẹ lára. Èkejì ni tó bá jẹ́ pé o fẹ́ pa ẹlòmíràn lára. Ẹ̀kẹta ni tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń lù ẹ́ nílùkulù tàbí ń bá ẹ ṣe ìṣekúṣe. Tí ọ̀kan nínú ẹ̀ bá wáyé, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni, a ó sì jọ rò ó bí a ṣe máa sọ ọ́."

Àwọn kan lè ní, "Ṣé tó bá sọ ìyẹn fún ọmọ, ẹ̀rù ò ní bà á?" Ó lè bà á díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣèlérí pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé ti purọ́ fún ọmọ, nítorí ọjọ́ ń bọ̀ tí ó máa ní láti sọ. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́, ìfọkàntán tán nìyẹn. Ẹni tó sọ òpin ìlérí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó bá di ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló mú ṣẹ, kò dalẹ̀.

Ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ ohun mẹ́ta yẹn. Ní Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ní 1969, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan sọ fún ẹni tó ń tọ́jú ọkàn ẹ̀ pé òun fẹ́ pa ọmọbìnrin kan. Wọ́n sọ fún ọlọ́pàá, ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún ọmọbìnrin náà, Tatiana Tarasoff, tàbí fún àwọn òbí ẹ̀. Ọkùnrin náà pa á. Ní 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní California dájọ́ pé olùtọ́jú tó bá mọ̀ pé ewu ń bọ̀ lórí ẹnì kan gbọ́dọ̀ sapá láti dáàbò bo ẹni náà. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń fi ìtàn yẹn kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yìí.

Nílé wa níbí náà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tiẹ̀ ní 2007. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọmọdé ni lójú òfin, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ààbò. Ní 2021, Èkó ṣòfin tó dá àjọ tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ sílẹ̀, àjọ tí wọ́n ń pè ní DSVA. Láti 2013 sì ni Mirabel Centre ti wà nínú ọgbà LASUTH ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Nítorí náà, tí gáídáǹsì bá ní òun ò lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́, kì í ṣe òfófó ló fẹ́ ṣe.

Ẹni tó gbọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn

Orúkọ iṣẹ́ náà ń tan àwọn kan jẹ. "Olùgbaninímọ̀ràn" ni, wọ́n á wá rò pé ìmọ̀ràn ni kí àwọn máa rọ́ síni létí. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Carl Rogers, tó lò bí ọdún méjìlá pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ìwà wọn le ní ìlú Rochester, sọ ìtàn kan tó yí iṣẹ́ ẹ̀ padà.

Ìyá kan ní ọmọkùnrin tó ya ìpáǹle. Rogers ti rí i lójú tiẹ̀ pé ìyá yẹn ò fẹ́ràn ọmọ náà tó láti kékeré, òun ló sì fa gbogbo wàhálà. Ó rọra ń fi hàn án, ó ṣàlàyé títí, ìyá ò gbà. Nígbà tó sú àwọn méjèèjì, wọ́n gbà pé kí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìyá dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó bèèrè bóyá wọ́n máa ń gba àgbàlagbà níbẹ̀. Rogers ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni ìyá bá padà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ tí kò jọ ìtàn tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ rárá. Rogers ń gbọ́. Bí ara ìyá ṣe ń yá ni ìwà ọmọ náà ń tún ṣe. Ibẹ̀ ló ti yé Rogers pé ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á.

Ní 1957, ó kọ ọ́ pé ohun mẹ́ta ló yẹ kó wà lára ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kó má ṣe ojú ayé. Kó gba èèyàn bó ṣe rí, láìsọ pé "tí o bá yí padà ni mo máa fẹ́ràn ẹ." Kó sì sapá láti wo ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí ẹni náà jókòó sí. Àwa ọ̀dọ́, èkíní yẹn la kì í pẹ́ mọ̀. Tí tíṣà bá ń fara wé ọmọdé, tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìta tí kì í sọ tẹ́lẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ ká fẹ́ràn òun, ẹ̀rín la máa fi rín in. A ò nílò kí àgbà di ẹgbẹ́ wa. Àgbà la nílò, tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ láìpariwo "Haà! Ìwọ náà?"

Má fi ipá gba ìtàn

Donald Winnicott, dókítà ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní eré kan tó máa ń bá ọmọ ṣe. Á fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ kan sórí ìwé, á ní kí ọmọ sọ ọ́ di nǹkan. Ọmọ náà á fa tiẹ̀, dókítà á sọ ọ́ di nǹkan. Kó tó pẹ́, ọ̀rọ̀ ti ń jáde láìsí ìbéèrè. Kò dìgbà tí a bá ń ya àwòrán. A lè ta ayò, a lè ta lúdò, a lè jọ rìn yí pápá ká. Fún àwa tí wọ́n kọ́ pé ká má wo àgbà lójú, kí èèyàn méjì jọ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rọrùn ju kí tábìlì wà láàárín wọn lọ.

Ó ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ká má fi ipá gba ìtàn. Ní òpin oṣù kejì 2016, wọ́n jí ọmọbìnrin mẹ́ta gbé ní Babington Macaulay Junior Seminary níbí ní Ìkòròdú. Ọlọ́run bá wọn ṣé, wọ́n padà dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù karùn-ún 2017, wọ́n jí ọmọkùnrin mẹ́fà gbé ní Igbonla Model College ní Ẹ̀pẹ́, ó sì ju oṣù méjì lọ kí wọ́n tó padà rí òbí wọn. Àwa ṣì kéré nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí wọn ò ti sọ ọ́. Ẹ ro ọmọ tó ti irú ibẹ̀ bọ̀. Ọlọ́pàá fẹ́ gbọ́ ìtàn, oníròyìn fẹ́ gbọ́, ẹbí àti aládùúgbò fẹ́ gbọ́. Tí ẹni tó ní òun fẹ́ tọ́jú ọkàn ẹ̀ bá tún ń sọ pé "Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀," kí ni ìyàtọ̀?

Ìwé ìlànà tí àjọ WHO gbé jáde ní 2011 nípa ríran èèyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn àjálù sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: wò, gbọ́, so ó pọ̀ mọ́ ìrànlọ́wọ́. Wo ohun tó nílò lákọ̀ọ́kọ́, bóyá omi, bóyá ìyá ẹ̀. Gbọ́ ohun tó bá fúnra ẹ̀ sọ, má tì í. So ó pọ̀ mọ́ àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n ti fi ipá gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tó kù sí i lọ́wọ́ ni ìtàn ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa yan ọjọ́ tó máa sọ ọ́.

Bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi

Ẹlòmíràn lè ní gbogbo eléyìí dára fún ìlú tó lówó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Zimbabwe. Àwọn dókítà ọpọlọ kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ní 2006, ọ̀kan nínú wọn, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà mẹ́rìnlá ní àdúgbò Mbare, ní ìlú Harare, bí wọ́n ṣe lè tẹ́tí sí èèyàn. Bẹ́ǹṣì onígi ni ọ́fíìsì wọn, lóde, nítòsí ilé ìwòsàn àdúgbò. Bẹ́ǹṣì Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí tí wọ́n bá kọ "àìsàn ọpọlọ" sára ẹ̀, ta ló máa jókòó síbẹ̀? Àwọn ìyá àgbà náà kì í lo ọ̀rọ̀ ìwé ńlá. Ọ̀rọ̀ èdè Shona tó túmọ̀ sí "ríronú jù" ni wọ́n ń lò. Yorùbá náà ní i: àròkàn. Gbogbo wa la mọ ohun tí àròkàn ń ṣe fún èèyàn. Kò sẹ́ni tí ojú máa tì láti sọ pé àròkàn ń bá òun jà.

Ní Kẹ́ńyà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Shamiri. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n kọ́ láti máa darí ìjókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n tó wọ irú yunifọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ní àìpẹ́ yìí, ó rọrùn láti bá a sọ̀rọ̀. Owó kọ́ ló ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ibi ìjókòó, orúkọ tí a pè é, àti ẹni tó jókòó síbẹ̀ ni.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, gáídáǹsì náà ń kọ́ni ní kíláàsì mẹ́rin, ó tún wà nínú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti ìbáwí. Ọwọ́ tó ń na pàṣán ní asẹ́ńbílì láàárọ̀, ó ṣòro kó jẹ́ òun náà la máa fẹ́ kó nu omijé wa lọ́sàn-án. Tí a bá ní ká lọ rí gáídáǹsì, ẹ má jẹ́ kó jọ ìjìyà. Tí ẹ bá sì gbọ́ nǹkan nípa ọmọ kan, kódà tó bá jẹ́ pé àánú ló ń ṣe yín, ẹ má bi í níwájú ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan àwa náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwa gan-an la máa ń tú àṣírí ara wa ní WhatsApp ká tó dá tíṣà lẹ́bi. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbà kan ṣeé fọkàn tán, fi ọ̀rọ̀ kékeré dán an wò ná. O sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí mo bá sọ fún yín, ta lẹ máa sọ fún?" Ìdáhùn tí wọ́n bá fún ẹ á sọ púpọ̀ fún ẹ. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rẹ́ ẹ bá sọ fún ẹ pé ayé ti sú òun, pé òun fẹ́ pa ara òun, ìyẹn kì í ṣe àṣírí tí ìwọ nìkan lè gbé. Má fi òun nìkan sílẹ̀, wá àgbà kan sọ fún kíákíá, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 àti 767. Ọ̀rẹ́ tó bínú sí ẹ ṣì wà láàyè láti bínú.

Ẹgbẹ́ oníròyìn ti kọ òfin àṣírí tó wà lókè yẹn sórí káádì, pẹ̀lú ohun mẹ́ta tí kò lè jẹ́ àṣírí. A ti fi ṣọwọ́ sí pírínsípà àti gáídáǹsì wa. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, níbi tí ọmọ JSS1 gan-an ti lè kà á kó tó kan ilẹ̀kùn.